Jogbo: Òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà tó ń bọ́ ilẹ̀, àti bí a ṣe lè gbìn ín kó má gba ọgbà mọ́ onílé lọ́wọ́

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí oṣù kẹwàá ń lọ sópin, ẹ̀gbẹ́ títì káàkiri ilẹ̀ Yorùbá a yí àwọ̀ padà. Òdòdó kan wà tó máa ń tò lọ lọ́tùn-ún lósì, ó ga ju ènìyàn lọ, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ojú òdòdó rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú bí ìyeyè tó pọ́n, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Èrò ọkọ̀ a máa wò ó láwòkọjá, wọn a ní ó dára. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní ìtòsí kì í wò ó báyẹn ní tirẹ̀, àdá ló ń yọ sí i. Òdòdó náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní jogbo.

Kì í ṣe òdòdó ọdún kan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, igi rẹ̀ a gbẹ gan-an bí ẹni pé ó ti kú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ń sùn ni. Òjò méjì mẹ́ta àkọ́rọ̀ ti tó láti jí i. Bí wọ́n gé e, a rú. Bí iná oko sì jó o, a tún padà hù láti ìdí. Ìdí nìyí tí àwọn onílé kan fi ń bẹ̀rù rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń wá a kiri láti gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wọn.

Àwọn tó ń wá a kiri yìí ní ohun tí wọ́n rí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù karùn-ún, 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àpò ajílẹ̀ òyìnbó ti kúrò ní ohun tí ẹni tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ilá sí ẹ̀yìn ilé lè rà láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni ewé kan tí ilẹ̀ ń jẹ, tó sì ń sanra lórí rẹ̀, ń dàgbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìta gbangba, tí wọ́n ń gé e dànù lọ́dọọdún.

ORÚKỌ RẸ̀ ÀTI ÀWỌN ẸBÍ RẸ̀

Tithonia diversifolia ni àwọn onímọ̀ ewéko kárí ayé ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà Àárín ni. Nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e sọdá òkun wá sí Áfíríkà àti Éṣíà. Nígbà tó yá, ó fo ọgbà tí wọ́n gbìn ín sí, ó bọ́ sígboro, ó sì di ti gbogbo ayé. Ní 1997, ìwádìí tó jáde nípa bí ó ṣe tàn ká ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà kà á mọ́ èpò, kì í ṣe mọ́ òdòdó ọgbà.

Apá kejì orúkọ rẹ̀, diversifolia, túmọ̀ sí pé ewé rẹ̀ kì í rí bákan náà. Lára igi kan ṣoṣo, a lè rí ewé tó ya sí mẹ́ta, òmíràn á ya sí márùn-ún, àwọn kéékèèké tó wà lókè lẹ́bàá òdòdó sì lè má ya rárá. Apá kìn-ín-ní wá láti inú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́, nípa Tithonus, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òrìṣà àfẹ̀mọ́júmọ́ fẹ́ràn. Òrìṣà náà tọrọ àìkú fún un, ó gbàgbé láti tọrọ àìdarúgbó mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rí láti hú jogbo kúrò nínú oko yóò gbà pé orúkọ náà bá a mu, ó kéré tán ní ti àìkú.

Ìdílé kan náà ni òun àti ewúro, yúnyún, imí-eṣú àti ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ́ (ó dà bíi pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí kálukú ń ṣe nígbà náà ló sọ èyí tó ń pè é). Àmì ìdílé náà wà lójú òdòdó wọn. Ohun tí a ń pè ní òdòdó kan ṣoṣo lára jogbo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ló kó ara wọn jọ sójú kan, àwọn tó wà létí nìkan ló na ahọ́n rúsúrúsú jáde.

Kíkorò ewé rẹ̀ ló sọ ọ́ di jogbo lẹ́nu wa. Ohun tó bá korò kọjá ààlà, Yorùbá a ní ó korò bí i jogbo. Ṣùgbọ́n orúkọ tó dúró lórí kíkorò lè já lé ewé kíkorò èyíkéyìí lórí, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ gbìn, ojú ni kó fi mọ̀ ọ́n, kó má fi etí nìkan mọ̀ ọ́n. Yúnyún kì í ga tó o, òdòdó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti jogbo, ewé rẹ̀ kì í sì í ya. Òdòdó-oòrùn tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn fún èso àti òróró ní tirẹ̀ máa ń gbé orí ńlá kan sókè, ó sì ń kú tán lẹ́yìn àkókò kan. Jogbo a gbé orí òdòdó púpọ̀ lórí igi kan, a sì tún wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

OHUN TÍ ILẸ̀ Ń RÍ NÍNÚ EWÉ RẸ̀

Ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà wà lára ibi tí wọ́n ti tẹpẹlẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ. Níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ a máa fi jogbo ṣe ọgbà yí oko wọn ká. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ewé náà wò ní àwọn ọdún 1990, nítorí pé ilẹ̀ àdúgbò náà ti ṣá, owó ajílẹ̀ òyìnbó kò sì sí lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Àkójọ ìwádìí wọn tó jáde ní 2000 fi hàn pé nínú 100 kílò ewé jogbo tí a sá gbẹ, nǹkan bíi kílò 3.5 jẹ́ náítírójìn, kílò 4.1 jẹ́ pòtáṣíọ̀mù, nǹkan bíi gíráàmù 370 sì jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí gan-an ni wọ́n ń kọ sára àpò ajílẹ̀ tí a ń rà lọ́jà. Náítírójìn ló ń mú ewé tutù, tó ń jẹ́ kí ẹ̀fọ́ fẹ̀. Pòtáṣíọ̀mù ń ran èso àti iṣu lọ́wọ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ ní gbòǹgbò àti nínú títa òdòdó. Iye tó wà nínú jogbo ní ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lè dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó pọ̀ fún ewé igbó, ó sì ju èyí tó wà nínú ewé ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n ń gbìn nítorí ajílẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, ewé jogbo kì í pẹ́ jẹrà. Kì í ṣe ewé líle bí ti máńgòrò tí ènìyàn yóò bò mọ́lẹ̀ lónìí, tí yóò tún bá ní odindi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ìwọ̀n tí wọ́n lò nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò ní Kẹ́ńyà ni tọ́ọ̀nù 5 ewé gbígbẹ fún hẹ́kítà kan, ìyẹn ìdajì kílò fún mítà kan níbùú lóròó. Omi ló pọ̀ jù nínú ewé tútù. Nǹkan bíi kílò 5 tútù ló ń di kílò kan gbígbẹ. Nítorí náà, ebè ẹ̀fọ́ tó fẹ̀ ní mítà 2, tó sì gùn ní mítà 5, yóò gba nǹkan bíi kílò 25 ewé tútù, tó jẹ́ ìdajì ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì kan. Náítírójìn inú rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi gíráàmù 175, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tó wà nínú gíráàmù 380 ajílẹ̀ yúríà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yin jogbo ti máa ń kù díẹ̀ káàtó nìyí. Gíráàmù 380 yúríà kò kún agolo wàrà ńlá kan. Kílò 25 ewé tútù yóò gba kí ènìyàn gé e, kó rù ú, kó ṣá a wẹ́wẹ́, kó sì wa ilẹ̀ bò ó. Ẹni tó bá ní hẹ́kítà kan yóò wá tọ́ọ̀nù 25 tútù, bẹ́ẹ̀ owó alágbàṣe tí yóò ru ìyẹn lè ju owó ajílẹ̀ tó ń sá fún lọ. Ọgbà ẹ̀yìn ilé ni iṣẹ́ yìí bá mu, níbi tí igi jogbo ti wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ebè, tí ẹni tó ni ebè sì ni alágbàṣe ara rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í sọ. Jogbo kì í ṣe ẹ̀yà ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà, tí gbòǹgbò wọn ń bá kòkòrò inú ilẹ̀ ṣiṣẹ́ láti fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Inú ilẹ̀ tó dúró sí ló ti ń kó gbogbo ohun tó wà nínú ewé rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n kó jọ ju ọ̀pọ̀ ewéko lọ, òun ni ọgbọ́n rẹ̀. Bí a bá ń gé e níbì kan lọ́dọọdún tí a ń kó o lọ síbòmíràn, ìdí rẹ̀ yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀. Eérú ààrò àti èèpo iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń kó dànù, ìdí jogbo ló yẹ kí wọ́n máa dà á sí.

Nílé níbí náà, àwọn olùwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ti fi ewé jogbo àti ewé Akíntọ́lá bo ebè iṣu, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2013. Iṣu tí wọ́n fi ewé bò ta ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lásán lọ. Ewé tó bo ebè ń dá oòrùn dúró, ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ tutù kí omi má tètè gbẹ, bó sì ṣe ń jẹrà ló ń di oúnjẹ.

BÍ A ṢE Ń GBÌN ÍN

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbin igi ẹ̀gẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbin jogbo. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni àkókò rẹ̀, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹfà. A ó wá igi rẹ̀ tó ti le díẹ̀, tó tó àtàǹpàkò ní sísanra. Ọ̀mùnú tó ṣì rọ̀ yóò jẹrà, igi àtijọ́ tó ti gbẹ kò sì ní hù. A ó gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 40, kí ojú mẹ́ta ó kéré tán wà lára rẹ̀. A ó fi í gún ilẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ wọlé, kí ojú rẹ̀ kọjú sókè bó ṣe wà lára ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá gé e náà ni kí a gbìn ín. Èyí tí a bá gé tí a gbé sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta ti pàdánù omi ara rẹ̀.

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láàárín ìkọ̀ọ̀kan ti tó fún ẹni tó fẹ́ kó dá dúró kó sì yọ òdòdó dáadáa. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọgbà tí yóò dí ojú mọ́ ìta lè mú wọn sún mọ́ra ní ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀. Bí òjò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí a gbìn ín, kí a máa bomi rin ín títí yóò fi mú ewé jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún ń bẹ ẹnikẹ́ni fún omi mọ́.

Èso rẹ̀ náà ń hù, ṣùgbọ́n ó ní àṣà tirẹ̀. Èso tí a bá bò mọ́lẹ̀ jìn kì í fẹ́ jáde. Orí ilẹ̀ tí a ti ro ni kí a fọ́n ọn sí, kí a sì fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ọ̀nà tó rọrùn jù tí àwọn tó ń ṣe é sì mọ̀ ni pé kí ènìyàn lọ sídìí igi jogbo ńlá lẹ́yìn òjò, kó hú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó hù sábẹ́ rẹ̀, kó sì lọ tún wọn gbìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Kò ṣe ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ní ti ilẹ̀. Yanrìn, amọ̀, ilẹ̀ olókùúta, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà, àyàfi ibi tí omi ń dúró sí. Ohun kan tí kò lè ṣe aláìní ni oòrùn. Lábẹ́ igi máńgòrò tàbí lẹ́yìn ilé alájà, yóò ga gbọọrọ bí ẹni ń wá ojú ọ̀run, ewé yóò fọ́n ká, òdòdó kò sì ní tó nǹkan. Mítà 2 sí 3 ló sábà máa ń ga tó, nítorí náà kí a má gbìn ín sí iwájú ohun tí a fẹ́ kí oòrùn rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, lẹ́yìn ilé adìyẹ, tàbí ní ìkángun ọgbà ni àyè rẹ̀. Kí a sì máa ro ìdí rẹ̀ mọ́, nítorí pé igbó tó dí lẹ́bàá ilé kì í ṣe ti òdòdó nìkan, ejò náà mọ̀ ọ́n lò.

ÒDÒDÓ NI A FẸ́ TÀBÍ EWÉ?

Ìbéèrè yìí ló ń ya àwọn tó mọ jogbo gbìn sọ́tọ̀. Ewé tó dára jù fún ajílẹ̀ ni ewé tútù tí òdòdó kò tí ì yọ lórí igi rẹ̀. Bí igi bá ti ń múra òdòdó, ara rẹ̀ a le, ẹ̀ka a di igi ìdáná, ohun tí ilẹ̀ yóò sì rí nínú rẹ̀ a dínkù. Ẹni tó fẹ́ ewé nìkan yóò máa gé e sí ìwọ̀n orúnkún nígbàkúùgbà tó bá ti ga kọjá èjìká ènìyàn. Ní ọdún tí a gbìn ín, kí a fún un láyè kí gbòǹgbò rẹ̀ kọ́kọ́ mú ilẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Láti ọdún kejì, ó lè fara da gígé méjì tàbí mẹ́ta láàárín òjò kan.

Ẹni tó fẹ́ méjèèjì ní ọ̀nà. Kó gé e lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹfà, kó tún gé e nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kékeré inú oṣù kẹjọ, kó sì wá fi í sílẹ̀. Yóò rú, kò ní ga tó èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn, àmọ́ nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ, yóò yọ òdòdó ní ibi tí ojú ń tó. Oyin àti labalábá yóò wá sí i, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó gbin ẹ̀gúsí tàbí apálá sí ìtòsí, nítorí pé kòkòrò wọ̀nyí náà ló ń mú òdòdó wọn di èso.

Bí a bá gé ewé náà tán, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà lò ó. Èkíní, kí a ṣá a wẹ́wẹ́, kí a tú u sórí ebè, kí a sì fi ọkọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Èkejì, kí a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ yí ìdí tòmátò, ata tàbí iṣu ká, kó máa jẹrà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti omi: kí a di ewé sínú dúrọ́ọ̀mù dé ìlàjì, kí a bu omi kún un, kí a dé e, kí a sì máa rò ó pọ̀ lọ́jọ́ méjì méjì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òórùn rẹ̀ kò dùn, aládùúgbò yóò sì sọ̀rọ̀. A ó fi omi là á títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, kí a tó máa bu ú sídìí ewébẹ̀.

Ìṣọ́ra kan ṣe pàtàkì níbí. Omi kíkorò inú jogbo a máa dí irúgbìn mìíràn lọ́wọ́ láti hù. Ìwádìí oríṣiríṣi nílé àti lókè òkun ti fìdí èyí múlẹ̀. Ẹni tó bo ewé tútù mọ́lẹ̀ láàárọ̀, tó sì fọ́n tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú sí i nírọ̀lẹ́, lè dúró títí kó má rí nǹkan kan, kó wá máa bú ẹni tó ta irúgbìn fún un. Kí ilẹ̀ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó fọ́n irúgbìn wẹ́wẹ́. Ohun tí a ti gbìn hù níbòmíràn, tí a kàn fẹ́ tún gbìn, kò nílò kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

KÓ MÁ BAÀ GBA ILẸ̀

Orí òdòdó kan ṣoṣo lè ní èso tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, orí òdòdó sì pọ̀ lórí igi kan. Èso náà fúyẹ́, omi òjò ń gbé e, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ àti táyà ọkọ̀, ó sì ń bá erùpẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ síbi ilé kíkọ́ rìn. Bó ṣe ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn nìyí. Orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà kò tilẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbìn ín. Òfin wọn kà á mọ́ ewéko àjèjì tó ń gba ilẹ̀, tí ó yẹ kí wọ́n máa kápá.

Ohun tí onílé yóò ṣe kò ju pé kó má jẹ́ kí èso gbó. Bí ahọ́n rúsúrúsú inú òdòdó bá ti ń já bọ́, tí orí òdòdó ṣì tutù, kó gé gbogbo rẹ̀ kúrò, kó sì rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi tàbí kó dáná sun ún. Kó má kó o sórí ààtàn tó fẹ́ lò fún ebè. Ẹ̀ka tí a gé náà kò ṣe é sọ síta odi nígbà òjò, nítorí pé èyí tó bá fara kan ilẹ̀ tútù lè ta gbòǹgbò. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá odò tàbí oko ẹlòmíràn pààlà, ó sàn kó gbàgbé jogbo pátápátá, kó máa lọ gé ti ẹ̀bá ọ̀nà.

Kí oṣù kejìlá tó jìnnà, kí a gé igi gbígbẹ rẹ̀ sí ìdí. Igi jogbo tó gbẹ nínú ọyẹ́ ń gba iná bí koríko, kò sì yẹ kó dúró ti ògiri ilé. Bí a bá sì ti pinnu pé a kò fẹ́ ẹ mọ́, gígé lásán kò lè ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, kí a fi ọkọ́ wa ìdí rẹ̀ yọ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí a gbé e sórí ohun tó le kí oòrùn pa á, kí a sì máa padà wá hú àwọn ọmọ tí yóò hù fún òjò méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀RỌ̀ ÀGBO JOGBO

Kò sí bí a ó ṣe sọ̀rọ̀ jogbo ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ní dé ìdí ìkòkò àgbo, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń sè é mu fún ibà. Ìdí wà tí wọ́n fi gbà á gbọ́. Ní 2002, àwọn onímọ̀ tó yẹ ewé náà wò rí èròjà kan nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tagitinin C, tó ń bá kòkòrò ibà jà nínú ìgò ìdánwò. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pẹ̀lú pé èròjà kan náà ń pa ẹran ara tó wà láàyè. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2009, tí wọ́n ṣe lára eku, fi hàn pé omi ewé jogbo lè ba kídìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni ìbàjẹ́ náà ń pọ̀ sí i.

Ohun tó ń pa kòkòrò ibà nínú ìgò kò tí ì di oògùn. Kò sí ẹni tó lè fi ife ṣe òṣùwọ̀n èròjà tó wà nínú ìkòkò àgbo, ìyẹn sì ni ewu rẹ̀. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti yí ìtọ́jú ibà padà sí àpapọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀. Ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná, aboyún, àti ẹni tí kídìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ní àrùn tẹ́lẹ̀ kò ní nǹkan ṣe nídìí àgbo jogbo. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó gbin jogbo fún ebè kò gbọdọ̀ gbà kí ẹlòmíràn wá já a fún ọmọ ọwọ́.

LẸ́YÌN ODI

Ní orílẹ̀-èdè Táílándì, ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní ìpínlẹ̀ Mae Hong Son máa ń pupa rúsúrúsú látòkè délẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, àwọn arìnrìn-àjò sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Òdòdó náà ni jogbo, èpò kan náà tí à ń gé lẹ́bàá títì. Ní ìlú Da Lat, lórílẹ̀-èdè Vietnam, nǹkan bí àkókò yẹn náà ni wọ́n ń retí rẹ̀, wọ́n sì ń yàwòrán nídìí rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní gúúsù Flọ́rídà lè gbìn ín síta kó sì pẹ́, nítorí pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ gbà á. Ilẹ̀ Bírítéènì kò rí bẹ́ẹ̀. Yìnyín ibẹ̀ yóò pa á kí ọdún tó parí, ìgbà mìíràn sì wà tí òtútù yóò ti dé kó tó yọ òdòdó kankan, nítorí pé ìgbà tí ọjọ́ bá ti kúrú ló ń múra láti yọ òdòdó. Tithonia tí àwọn olówò irúgbìn sábà ń tà níbẹ̀ jẹ́ àbúrò rẹ̀, Tithonia rotundifolia, tí òdòdó rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n, tó sì ń parí ayé rẹ̀ láàárín ọdún kan. Ẹni tó bá ń ronú àtidi ẹ̀ka tàbí èso jogbo sínú àpótí láti ilé, kó mọ̀ pé wọ́n ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko lẹ́nu ibodè Bírítéènì àti Amẹ́ríkà, wọn a sì máa gba ohun tí kò ní ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e.